Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbé Sẹ́nu Ọ̀nà

Kọ̀ǹpútà náà ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí ọkọ mi máa ń to bàtà sí nígbà ayé rẹ̀. Ó dúdú, ó wúwo, ó sì ń kùn bí ìkòkò ẹ̀wà tí iná rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Fẹ́sítáàkì á rò pé ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ni, tí a kò tíì rí ẹni bá wa gbé e jù nù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹnu ọ̀nà. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí bá béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú rẹ̀ ló ń gbà jáde, inú rẹ̀ ni èsì sì ń gbà wọlé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé mo mọ iṣẹ́ náà, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ní n kò mọ̀ ọ́n.

Mo ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè mí ní Màmá lónìí kò tíì délé ayé. Nílé iṣẹ́ ìjọba tí mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló gba odidi yàrá, òun nìkan ló sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àwa tí à ń tọ́jú rẹ̀ máa ń wọ súwẹ́tà sẹ́nu iṣẹ́ nínú ooru Èkó. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí mo kọ́ níṣẹ́. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń to káàdì oníhò, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń mọ ibi tí àṣìṣe wà nínú ohun tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde. Nígbà tí àyè ọ̀gá ṣí sílẹ̀, òun ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tuntun, ó ní, “Mà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ mọ̀ pé wọ́n lè pe èèyàn sí iṣẹ́ yìí nígbàkúùgbà, ẹ̀yin sì jẹ́ abiyamọ.” Abiyamọ ni mí nígbà tí mo ń kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Mo gbọ́ pé ó ti kú. N kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ẹnì kejì tó ṣẹ̀ mí kò tíì kú. Inú bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé wa ló ń gbé. Àbúrò ọkọ mi ni. Ọmọ ilé ìwé ni nígbà tí mo wọlé ọkọ. Èmi ni mo ń fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìṣirò tó fi yege ìdánwò. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará ilé wọn, ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mò ń kúnlẹ̀ kí i, mò ń pè é ní Bọ̀dá mi, mò ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀. Òun ń pè mí ní “ìyàwó wa”, ó sì ń fi “o” bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti di arúgbó, irun orí mi ti funfun tán, ìyàwó wa náà ni mo ṣì jẹ́. Nígbà tí a ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ ọkọ mi, òun ló jókòó sórí àga olóògbé láti gba àlejò. Àwọn tí mo jẹ́ ọ̀gá fún níbi iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Ìyàwó wa, omi àwọn àlejò dà?” Mo gbé omi wá. N kò gbàgbé.

Ilé tirẹ̀ wà ní Abúlé Adó. Nígbà tí ìbúgbàù yẹn ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ilé náà wà lára àwọn tó wó. Òun fúnra rẹ̀ kò sí nílé, Ọlọ́run yọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn nílùú òyìnbó. Ó gbé báàgì méjì wá sí iwájú ilé wa, aṣọ rẹ̀ kún fún eruku símẹ́ǹtì, ó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni òun máa lò. Báàgì méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ìyàwó ọmọ mi ló ṣìkẹta wa. Ọmọ mi ń bá àwọn tó ń wa epo lójú òkun ṣiṣẹ́, ó máa ń pẹ́ kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, nítorí náà èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ń gbé inú ilé ńlá. N kò ní í purọ́, n kò fẹ́ ẹ níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ Kúje ni, lára àwọn ìdílé tó ti wà ní Amúwò kí Fẹ́sítáàkì tó dé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n òun ló ń bá mi jẹun. Òun ló ń fi ìpara ra orúnkún mi. Bí mo bá ń ráhùn nípa àwọn tó ṣẹ̀ mí, òun nìkan ni kì í sọ pé, “Mọ́mì, ẹ gbàgbé ẹ̀.” Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ẹ tún sọ ti ọ̀gá yín yẹn fún mi,” á sì bá mi bú u.

Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, òun náà sì wà lára wọn. Láti ìgbà náà, inú pálọ̀ ló ń wà láti àárọ̀ pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ń wá iṣẹ́. Ojú máa ń tì í láti jẹun ọ̀sán. Mo rí i bó ṣe ń bu oúnjẹ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo, bí ẹni tó wá kí èèyàn. Èmi ni mo gbé tìmùtìmù síwájú rẹ̀, tí mo ní, “Na ẹsẹ̀ rẹ, jàre. Àga yìí máa ń mú ẹsẹ̀ wú.” Ó na ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń gbé ẹsẹ̀ lé e.

Wàhálà tó dé ni ti dátà. Ọmọ mi ló ń sanwó íńtánẹ́ẹ̀tì ilé, kì í sì í pé oṣù mọ́ kó tó tán. Bó bá di ọ̀sán, nẹ́tíwọ́kì á máa rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Láti bọ́ìsì kọ́tà, mò ń gbọ́ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù àárọ̀, bọ́ọ̀lù ọ̀sán, bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè tí n kò mọ̀ pé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín bọ́ọ̀lù yìí kù. Ìyàwó ọmọ yín ń wá iṣẹ́.”

Kò gbójú kúrò lára fóònù. “Ìyàwó wa, ṣé ògiri lo fẹ́ kí n máa wò ni?”

Ibi tí mo ti pinnu nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà nílé tí ọmọ mi kò lò mọ́. Mo lọ ra káàdì nẹ́tíwọ́kì kan sí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tòkúnbọ̀, kó lè ní méjì: ọ̀kan kọjú sí ìta, èkejì kọjú sí ilé. Mo to ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń lò sórí rẹ̀, mo ka ìwé ìtọ́ni rẹ̀ bí mo ṣe ń kàwé nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lábẹ́ àtẹ̀gùn tí mò ń fa wáyà nígbà tí ìyàwó ọmọ mi kọjá.

“Mọ́mì, kí lẹ ń wá níbẹ̀? Èkúté?”

“Mò ń ṣe é kí nẹ́tíwọ́kì lè máa yá.”

“Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà! Ẹ rọra o, kí iná má gbé yín. Kí ni màá sọ fún ọkọ mi?”

Mo rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni mo pa fún un. Ohun tí mò ń ṣe ni aṣojú tí ojú kò rí. Ẹ fojú inú wo ilé kan tí ẹnì kan dúró sí géètì rẹ̀. Bí o bá rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ jáde, ẹni yìí á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á bá ọ jẹ́ ẹ, á sì gbé èsì wá, ìwọ kò sì ní í mọ̀ láé pé kì í ṣe ẹni tí o rán ló lọ. Kò sí ohun tí àwọn ará ilé nílò láti tẹ̀ lórí fóònù wọn. Wọn kò lè kọ̀ ọ́, nítorí wọn kò mọ̀ pé ó wà. Bí aṣojú bá sì fẹ́, ó lè sọ pé òun kò ní í jẹ́ iṣẹ́ náà, kó fún ọ ní ọ̀rọ̀ mìíràn dípò èsì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn yẹn ló pa mí.

Nílé tí mo ti dàgbà, àwọn ìyàwó ilé kì í bú ara wọn lójúkojú. Bí ọ̀kan bá ṣẹ èkejì, orin ni yóò fi gbálẹ̀ láàárọ̀. Kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí orin bá bá wí á mọ̀, kò sì ní í lè fèsì, torí tó bá fèsì, ó ti gbà pé òun ni. Ìyá mi mọ̀ ọ́n kọ púpọ̀. Mo ti rí i tí àgbàlagbà obìnrin wọ yàrá lọ sunkún nítorí orin tí a kò fi pè é. Èmi kò lè bú àbúrò ọkọ mi. Ọkọ mi ni. Ṣùgbọ́n mo lè gbálẹ̀.

Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà máa ń fún fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan nínú ilé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Mo wá nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ fóònù Bọ̀dá mi, mo pàṣẹ pé kí aṣojú má jẹ́ iṣẹ́ kankan fún un láàárín ọ̀sán. Dípò ohun tó bá béèrè, kó gbé ojú ewé kan fún un. Funfun ni mo ṣe é, mo fi àwọ̀ pupa kọ lẹ́tà ńlá sí àárín rẹ̀:

Ẹni tí kò bá wọn kọ́lé, kó rọra na ẹsẹ̀ níbẹ̀.

Mo fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Mo jókòó, mo kà á, inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí n kò kà sí. Ọ̀pọ̀ ibi tí èèyàn ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóde òní ló ní àgádágodo. Aṣojú mi lè dí ọ̀nà ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ọ̀rọ̀ tèmi rọ́pò tiwọn. Ojú ewé náà kò kàn ní í ṣí ni. Ibi tó bá ti pẹ́, tí àwọn tó ni ín kò tíì fi àgádágodo sí i, níbẹ̀ nìkan ni orin mi ti lè jáde. Gbogbo ibi tí Bọ̀dá mi ti ń wo bọ́ọ̀lù ló sì ní àgádágodo. Kò rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó rí ni pé nẹ́tíwọ́kì burú. Ó ń jáde sí àgbàlá, ó ń na fóònù sókè ọ̀run, ó ń ṣépè fún ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó. Mo gbà pé ó ń bọ̀ wá kan ibi tí kò ní àgádágodo lọ́jọ́ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ. Bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ náà kò lágbára, ẹ̀rọ náà kú. Nígbà tí iná dé, ó tan ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín nọ́ńbà lọ́tun. Nígbà tí mo ń ṣètò rẹ̀, n kò so nọ́ńbà náà pọ̀ mọ́ fóònù Bọ̀dá mi. Iṣẹ́ kékeré ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fò ó. Mo fò ó, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ ló gba gbogbo ọkàn mi. Fóònù rẹ̀ gba nọ́ńbà mìíràn. Lápútọ́ọ̀pù ìyàwó ọmọ mi gba èyí tó wà lọ́wọ́ fóònù náà tẹ́lẹ̀.

N kò mọ̀. Mo ń gé ilá ní ilé ìdáná. Nígbà tí mo jáde sí pálọ̀, ó ti pa lápútọ́ọ̀pù dé, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tìmùtìmù, ó sì ń wo iwájú rẹ̀.

“Ṣé o ti parí ni?”

“Ó ti parí, Mọ́mì.”

Ó bá mi ro ọbẹ̀. Ó gbé oúnjẹ mi wá, ó kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀, ohun tó ti pẹ́ tí mo ti ní kó má ṣe mọ́. Òun kò jẹun, ó ní orí ń fọ́ òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun ní Kúje. Báàgì rẹ̀ tóbi ju ti ẹni tó fẹ́ lọ wo ìyá lọ, ṣùgbọ́n n kò bi í. Mo ní kó bá mi kí wọn.

Ó lọ, kò padà. Mo pè é, kò gbé e. Mo jẹun èmi nìkan, mo sì ń bínú sí i pé kò gbé ìpe mi.

Ọjọ́ kan ni Bọ̀dá mi wá sẹ́yìn ilé ìdáná tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó wa, wọ́n ti tún nẹ́tíwọ́kì ṣe o! Láti ọjọ́ tí iná yẹn ti lọ, ó ń ṣàn bí omi. Ó jọ pé èpè mi jà.”

Mo gbé ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀nà tirẹ̀ bá ti là, ti ta ni ó dí? Mo lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀rọ náà kì í gbàgbé. Nọ́ńbà tí mo dè lókùn ti wà lọ́wọ́ lápútọ́ọ̀pù ìyàwó ọmọ mi láti ọ̀sán ọjọ́ tí iná lọ. Ibi kan ṣoṣo tí kò ní àgádágodo ló sì béèrè, èyí tí ilé iṣẹ́ kan fi ń gba orúkọ àwọn tó fẹ́ iṣẹ́. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó rò pé òun kò ríran dáadáa. Lẹ́yìn náà kò béèrè nǹkan kan mọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo rí i bó ṣe wà: ọmọbìnrin tí kò níṣẹ́, tó ń fi ìtìjú bu oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí tìmùtìmù tí èmi gbé fún un, ó sì ń kà á ní lẹ́tà pupa pé kó rọra na ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò rò pé ó kọ ọ́? Ta ni Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà nínú ilé?

Mo tún pè é. Ìyá rẹ̀ ló gbé e. Obìnrin tó lóhùn ni, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí àna ṣe ń bá àna sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tutù bí omi yìnyín.

“Ẹ káàsán o, ìyá ọkọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ilé yín ṣì dúró?”

“Ẹ jọ̀ọ́, àna mi, mo fẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.”

“Ó ń na ẹsẹ̀ ni. Ó ń nà án dáadáa báyìí, ilé bàbá rẹ̀ ló wà.”

Mo ní àṣìṣe ni, pé kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí. Ó ní, “Àṣìṣe tó ní àmì ohùn.” Ó wá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí obìnrin kan ń dá bẹ̀ lórí fóònù. Ẹbí ọkọ ló wá gbé ọmọ wọn níyàwó, kí ẹbí ọkọ wá, kí olórí wọn wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ àwọn kò padà, bí ọkọ rẹ̀ bá sì ti òkun dé, kó wá bá a ní Kúje.

Ọkọ mi ti kú. Olórí ẹbí tó ṣẹ́ kù ń wo bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé mi.

Mo ronú àtilọ bá ẹlòmíràn. Kò sí. Mo rò pé bóyá mo lè pa irọ́ fún un, kí n ní èdè-àìyedè kékeré kan ni. Ṣùgbọ́n wọn yóò sọ ọ̀rọ̀ náà níwájú rẹ̀ ní Kúje, yóò sì mọ̀. Mo rìn la àgbàlá kọjá. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Mo kúnlẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ kan wà.”

“Jókòó.”

“Ẹ jẹ́ kí n wà báyìí.” Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó pa ohùn bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo kan ibi ọ̀rọ̀ pupa náà, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun, tó ń wúkọ́.

“Nítorí bọ́ọ̀lù, ìyàwó wa?”

“Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan.”

Ẹ̀rín náà tán. Ó wo báàgì méjì tó wà ní igun yàrá. Ó ní, “Mo kọ́lé o. Ìwọ náà mọ̀. Mo kọ́ tèmi.”

Láti ìgbà tó ti dé, n kò tíì bi í rí bí ilé náà ṣe rí kó tó wó, yàrá mélòó ló ní, àwọ̀ wo ni wọ́n fi kùn ún. Ó kó èèpo ẹ̀pà jọ sínú ìwé ìròyìn, ó ká a, ó ní, “Aṣọ wo ni kí n wọ̀?”

Kúje kò jìnnà sí wa. Ìyá ìyàwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ náà dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sún mọ́ wa. Bọ̀dá mi wọ aṣọ funfun tó dára jù tó ní. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì, àgbàlagbà ọkùnrin. Èmi kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá náà kò wò ó. Èmi ló ń wò. “Ìyá ọkọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ wá là mí lọ́yẹ̀. Ilé wo lẹ kọ́?”

Kò dúró gba èsì.

“Nítorí ìjọba ló kọ́ Fẹ́sítáàkì. Ilé yẹn, wọ́n pín in fún ọkọ yín ni. Kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà, àwọn ará wa ló ni ín. Ìyá mi gbin gbágùúdá síbi tẹ́ ẹ ń sá aṣọ sí yẹn. Ọmọ mi kò bá yín kọ́lé, òótọ́ ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bíríkì mélòó lẹ gbé?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Ó tó, jàre.” Ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wo símẹ́ǹtì tó wà níwájú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé náà, n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi tí mo ń ka àṣìṣe ẹ̀rọ, n kò ka ti inú gbólóhùn tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ.

Bọ̀dá mi gbórí sókè láti ilẹ̀. “Ẹ̀yin àna wa, ẹ dákun, ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Ẹ má wá ẹlòmíràn. Èmi ni mo wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí mo di ará ilé. Èmi ni mo ń jẹ dátà wọn bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ló ṣi ilé kàn. Ìyàwó wa kò sì lè wí i fún mi lójú, nítorí ọkọ rẹ̀ ni mí, a kò sì fún un láyè láti wí i.”

Ó sọ gbólóhùn ìkẹyìn yìí wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló dùn mí jù lọ, ju ọ̀rọ̀ bíríkì lọ.

Wọ́n ní kó dìde. Wọ́n fún un ní àga àti omi tútù. Láìpẹ́, òun àti ẹ̀gbọ́n ìyá náà ti ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ní kí n dìde, orúnkún mi sì ti kọ̀. Ìyàwó ọmọ mi ló wá fà mí lápá.

“Ẹ dìde, Mọ́mì. Ilẹ̀ tutù.”

“Forí jì mí. Iṣẹ́ yẹn ńkọ́, èyí tí o fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ fún?”

“Ọjọ́ yẹn ló parí.”

“O ò sì tún gbìyànjú?”

Ó wò mí. “Mo rò pé ẹ fẹ́ kí n máa lọ ni.” Lẹ́yìn náà ló bi mí, ó rọra bi mí kí àwọn tó kù má gbọ́, “Ẹ̀yin àti èmi la jọ máa ń bú gbogbo èèyàn, Mọ́mì. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ fẹ́ bú ẹnì kan?”



Ó bá wa padà ní ọ̀sẹ̀ náà, kí ọkọ rẹ̀ tó dé. A kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Mo ti pa aṣojú náà rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo pa ojú ewé funfun náà rẹ́, mo wá ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀: mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí yóò jẹ́ tirẹ̀ títí lọ, iná ì báà lọ, iná ì báà dé. Ti Bọ̀dá mi kì í sinmi. Bí wọ́n bá gbá góòlù wọlé, á pariwo láti ẹ̀yìn, “Ìyàwó wa, o rí i bí?” Mo máa ń dáhùn pé mo rí i. Ó ṣì ń fi “o” bá mi sọ̀rọ̀, inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n n kò ní ẹnu tí n ó fi ráhùn mọ́.

Nọ́ńbà ti ìyàwó ọmọ mi wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń lò ó. Dátà tirẹ̀ ló ń rà sórí fóònù, fóònù náà ló sì fi ń wá iṣẹ́. Mo ní, “Ti ilé wà ńlẹ̀, kí lò ń ná owó lé lórí?” Ó ní kò burú, pé ó yá ju ti ilé lọ. Kò yá jù ú lọ. Mo mọ̀ bó ṣe ń yá.

Ó ti padà sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀. A ń jẹun pọ̀, ó ń ra orúnkún mi, ó tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Abẹ́ àga ló ń ká ẹsẹ̀ sí. Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé tìmùtìmù náà wá síwájú rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀, mo sì dúró.

“Ẹ ṣé, Mọ́mì,” ló wí. Ó sì gbé báàgì rẹ̀ lé e.